Àlàfo Inú Àdúrà Màmá Abẹ́rẹ́

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ tí wọ́n pe àbúrò mi ní Ọmọ Màmá, abẹ́rẹ́ gún mi, n kò sì mọ̀. Ìka mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún mi ti kú tipẹ́. Ẹ̀jẹ̀ tó kán sórí aṣọ funfun tí mo ń rán fún Fáda ìjọ wa ni mo fi mọ̀. Obìnrin kan ló yọjú sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó kí mi tán, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni mo ti lè rí Ọmọ Màmá?" Mo ní, "Èmi nìyí." Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní rárá o, èyí tí kíndìnrín rẹ̀ jí ni òun ń wá.

Èmi ni Ọmọ Màmá. Láti ọmọ ọdún mẹ́wàá ni wọ́n ti ń pè mí bẹ́ẹ̀, nítorí Màmá Abẹ́rẹ́. Sísítà ìjọ Àgùdà ni Màmá Abẹ́rẹ́. Òun ló kọ́ gbogbo ọmọbìnrin àdúgbò wa ní aṣọ rírán fún ogójì ọdún gbáko, nínú yàrá gígùn kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Orúkọ tí wọ́n fún un nílé àwọn Sísítà gùn, kò sẹ́ni tó ń pè é. Abẹ́rẹ́ olówùú kì í kúrò láyà aṣọ rẹ̀. Bí o bá rán nǹkan wọ́, kò ní nà ọ́, kò ní pariwo mọ́ ọ. Á kàn fi ìka kan ibẹ̀, á ní, "Tú u." O lè tú ẹsẹ̀ aṣọ kan náà lẹ́ẹ̀mẹfà láàárín ọjọ́ kan. Èmi kì í sunkún bíi tàwọn yòókù, mo máa ń tú u. Èmi ni mò ń gbé àga rẹ̀ lọ sójú oòrùn nígbà tó dàgbà. Èmi ni mò ń fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ náà wú. Èmi ni mo rán aṣọ tí wọ́n fi sin ín.

Àbúrò mi ńkọ́? Oṣù mẹ́rin péré ló lò ní yàrá yẹn. Ó rán apá kan mọ́ aṣọ kan, ó ní iṣẹ́ yìí ti sú òun, ó sì gba ojú fèrèsé jáde. Kò padà wá mọ́. Ó lọ kọ́ ọkọ̀ wíwà, ó wá di ẹni tó ń fi ọkọ̀ kó búrẹ́dì kiri ìlú. Tí kì í bá ṣe ìgbéyàwó tàbí òkú, kì í dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n Màmá Abẹ́rẹ́ mú aṣọ alápá kan yẹn, ó fi kọ́ ìṣó lára ògiri, ibẹ̀ ló sì wà títí Màmá fi kú. Bí mo bá ní kí n yọ ọ́, á ní kí n fi í sílẹ̀, ó ní ẹni tó ni ín lè padà wá parí rẹ̀. Aṣọ tèmi tí mo parí, tí kò wọ́ níbì kankan, inú àpótí ló wà. Mo ti fẹ́ yọ aṣọ yẹn kúrò lórí ìṣó lẹ́ẹ̀mejì tí kò sẹ́ni tó rí mi.

Lọ́dún tó kọjá, kíndìnrín àbúrò mi méjèèjì dákẹ́. Ojú rẹ̀ wú, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, orí ló kàn máa ń mì síni. Dókítà pe èmi àti ọkọ rẹ̀ sí kọ̀rọ̀, ó ní ẹni tí a bá fẹ́ pè, ká tètè pè é. Àwọn òbí wa ti kú. Ọkọ rẹ̀ kì í ṣe ọmọ ìjọ wa. Tààràtà lòun máa ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, kò gbà pé ó yẹ kéèyàn rán ẹni tó ti kú ní iṣẹ́. Bó ṣe jẹ́ pé èmi nìkan ni Fáda ìjọ wa fi káàdì àdúrà Màmá Abẹ́rẹ́ lé lọ́wọ́ nìyẹn. Ó ní kí n máa gbà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn àbúrò mi fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, kí n má sì pe ẹni mímọ́ mìíràn mọ́ ọn.

Ó nídìí tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Ọdún méjìlá ni Màmá ti kú, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń fẹ́ kí ìjọ kà á mọ́ àwọn ẹni mímọ́. Wọ́n ti kọ ìgbésí ayé rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn aláṣẹ ìjọ lókè, wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, kò lábàwọ́n. Ohun tó kù ni ìwòsàn kan ṣoṣo tí àwọn dókítà kò lè ṣàlàyé, tó sì dájú pé Màmá Abẹ́rẹ́ ni wọ́n bẹ̀ kí ó bá wọn bẹ Ọlọ́run, kì í ṣe ẹlòmíràn.

Àwòrán Màmá wà lójú káàdì náà, àdúrà wà lẹ́yìn rẹ̀. Láàárín àdúrà yẹn, àlàfo kan wà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí o dákẹ́, kí o sọ ohun tí ò ń tọrọ fúnra rẹ. Lẹ́yìn èyí, àdúrà á tún máa lọ.

Lọ́jọ́ kìíní, mo jókòó ti àbúrò mi, mo ka àdúrà náà sókè débi tí nọ́ọ̀sì fi ń ṣe àmín lẹ́nu ọ̀nà. Mo dé àlàfo. Mo wo àbúrò mi, mo wo ọwọ́ mi. Ẹ bá mi wí bó bá wù yín, mi ò ní parọ́ fún yín: ọwọ́ mi ni mo tọrọ. Mo ní, Màmá, ẹ̀yin lẹ kọ́ ọwọ́ yìí níṣẹ́, ẹ má wò ó níran kó kú. Mo sọ fún ara mi pé ọ̀rọ̀ àbúrò mi ti kọjá àtúnṣe, dókítà ti sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ tèmi ṣì ní àtúnṣe. Mo sọ pé tó bá di ọ̀la, tirẹ̀ ni màá tọrọ. Ọ̀la dé, ọwọ́ mi náà ni. Ọjọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, n kò dárúkọ àbúrò mi níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹwàá, mò ń fi eyín gé ìka mi jẹ lójú ọ̀nà, bóyá màá mọ̀ ọ́n lára. N kò mọ nǹkan kan. Mo wọ ọsibítù, mo bá àbúrò mi tó dìde jókòó, tó ń bá nọ́ọ̀sì jà pé ta ló ń fún èèyàn ní tíì tí kò ní ṣúgà.  Nọ́ọ̀sì gbé àpò ìtọ̀ rẹ̀ sókè bí ẹni gba ife ẹ̀yẹ: ó kún. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹta, ó fi ẹ̀rọ wò ó, ó ní òun kò lálàyé kankan.

Mo sunkún ayọ̀, ayọ̀ náà kì í sì í ṣe ti ẹnu. Ṣùgbọ́n lábẹ́ rẹ̀, nǹkan kan ń ta mí bí ata. Mo ní, Màmá, èmi ni mo pè yín. Ta ló ní kí ẹ yà sọ́dọ̀ rẹ̀?

Bí wọ́n ṣe gba orúkọ mi fún un nìyẹn. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n gbé e kúrò níjòókòó ẹ̀yìn, wọ́n gbé e wá sí iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé níbi tí mo ti ń jókòó láti ọdún gbọ́nrán. Ẹni tí kò mọ ìgbà tí a ń dìde, ìgbà tí a ń kúnlẹ̀, èmi ni mò ń fi ìgbùnwọ́ tọ́ ọ sọ́nà. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í mú aṣọ ìnujú wá bá a kí ó fọwọ́ kàn án, kí wọ́n lè gbé e lọ fún aláìsàn ilé wọn. Á rẹ́rìn-ín, á fọwọ́ kàn án, á wá ní, "Ó ku kí ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ́ etí rẹ̀ ná." Gbogbo rẹ̀ ló ń kó wá fún mi. Kódà èyí tó ti ní etí tẹ́lẹ̀, á ní kí n tú u, kí n tún un ṣẹ́. Aṣọ tí mi ò bá ti ṣẹ́, kò ní jẹ́ kó lọ. Iṣẹ́ tí ọmọ ọdún méje lè ṣe ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, èmi ọlọ́wọ́ kíkú á fi wákàtí kan ṣe é. Mo mọ ohun tó ń fi mí ṣe. Ó fẹ́ kí n máa rí i ni, kí n máa mọ iye àwọn tó ń wá a.

"Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ ńkọ́?" Ọ̀rọ̀ tó máa kọ́kọ́ bá mi sọ nìyẹn ní gbogbo ìgbà tó bá kó wọn dé. Mo gbà pé ẹ̀fẹ̀ ló ń fi mí ṣe. Màá ní, "Ó wà lápá mi."

Nígbà tó yá, Bíṣọ́ọ̀bù yan Fáda méjì kí wọ́n gba ẹ̀rí. Ọ̀kan ń béèrè, ọ̀kan ń tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ. Mo sọ wọ́n ní Fáda Ìbéèrè àti Fáda Akọ̀wé. Iṣẹ́ Fáda Ìbéèrè ni kó wá ihò nínú ọ̀rọ̀, kí ìjọ má baà fi ohun tí kì í ṣe ìyanu pe ìyanu. Ẹlẹ́rìí kọ̀ọ̀kan á dá wọlé, á gbé ọwọ́ lé Bíbélì, á búra. Bó bá sọ̀rọ̀ tán, á lọ dúró níta. Wọ́n á pè é padà, wọ́n á ka ẹ̀rí rẹ̀ sí i létí, á tún èyí tó bá fẹ́ tún ṣe, á sì fọwọ́ sí ìwé náà lójú kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tó bá fọwọ́ sí i ni ọ̀rọ̀ náà tó di ẹ̀rí.

Àbúrò mi jẹ́rìí lọ́jọ́ Ajé. Èmi ló kàn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, òun náà ló sì fi ọkọ̀ búrẹ́dì gbé mi lọ.

Yàrá òkè ni wọ́n wà, tábìlì gígùn kan, àga mẹ́ta, fèrèsé tó kọjú sí àgbàlá. Mo ti mọ ohun tí màá sọ. Wọ́n á bi mí pé kí ni mo tọrọ, màá ní ìlera àbúrò mi. Gbólóhùn kan péré, Màmá Abẹ́rẹ́ á di ẹni mímọ́. Ta ló wà nínú ọkàn mi tó máa sọ pé irọ́ ni?

"Mà, ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ gba àdúrà yìí?" Fáda Ìbéèrè ló bèèrè.

"Èmi nìkan, Fáda."

"Ṣé ẹ kò fo ọjọ́ kankan?"

"N kò fo ọjọ́ kankan."

"Tí ẹ bá wá dé ibi tí wọ́n ti ní kí ẹ dákẹ́, kí lẹ máa ń tọrọ?"

Mo la ẹnu. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ariwo ní àgbàlá. Mo yíjú sí fèrèsé. Obìnrin mẹ́ta ti kúnlẹ̀ ti ọkọ̀ búrẹ́dì, àbúrò mi ń fà wọ́n dìde, ọ̀kan nínú wọn sì ń ké pé, "Ọmọ Màmá! Ọmọ Màmá, ẹ rántí mi!" Ohùn yẹn gun òkè wá bá mi níbi tí mo jókòó sí. Orúkọ mi ni wọ́n ń pè, èmi kọ́ ni wọ́n ń pè. 

Mo ní, "Ọwọ́ mi ni mo tọrọ."

Ẹ̀rọ Fáda Akọ̀wé dákẹ́.

"Ọwọ́ yín?"

"Ọwọ́ ọ̀tún mi yìí, tó ń kú lọ. Ọjọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, òun ni mo tọrọ. N kò tọrọ nǹkan kan fún àbúrò mi."

"Kódà lẹ́ẹ̀kan?"

"Kódà lẹ́ẹ̀kan." Òótọ́ ni mo sọ, mo búra kí n tó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí òótọ́ ni mo ṣe sọ ọ́. Ó dùn lẹ́nu mi bí oyin. Mo ní lọ́kàn mi pé kí àwọn tó wà ní àgbàlá lọ rèé pe Ọmọ Màmá wọn báyìí.

Mo rò pé inú Fáda Ìbéèrè á dùn, ó ṣáà ti rí ihò tó ń wá. Ó yọ gíláàsì rẹ̀, ó fọwọ́ nu ojú. "Mà, ara àbúrò yín yá, ìyẹn ò ní àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n bí kò bá sẹ́ni tó bẹ Sísítà nítorí rẹ̀, a ò lè kọ ìwòsàn náà sí orúkọ Sísítà. Ẹ lọ sinmi níta. A máa pè yín kí ẹ wá fọwọ́ sí i."

Àbúrò mi ti gòkè wá, ó jókòó lórí bẹ́ńṣì lẹ́nu ọ̀nà, aṣọ ìnujú mẹ́ta tuntun wà lórí itan rẹ̀. Ó bu búrẹ́dì fún mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ ńkọ́?"

Mo jágbe mọ́ ọn. "Kí ló dé tó jẹ́ ọwọ́ mi lo máa ń bèèrè? Mo ti sọ fún wọn. Mo ti sọ ohun tí mo tọrọ."

"Ọwọ́ yín," ó ní, ó ń jẹ búrẹ́dì lọ.

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ẹ̀yin náà ni. Ẹ rò pé inú lẹ ti ń sọ ọ́, ẹnu lẹ fi ń sọ ọ́. Ètè yín á máa mì, ẹ á máa sọ wúyẹ́wúyẹ́, Màmá ọwọ́ mi, Màmá ọwọ́ mi. Kíndìnrín ló ń ṣe mí nígbà yẹn, ẹ̀gbọ́n. Etí mi ò ṣàìsàn."

"O gbọ́ ọ lọ́jọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán?"

"Láti ọjọ́ kìíní."

"O ò sì bínú?"

"Mo bínú o! Ọjọ́ méjì ni mo fi bínú. Tí mo bá lè sọ̀rọ̀ ni, ẹ̀ bá gbọ́ èébú." Ó rẹ́rìn-ín. "Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, mo ní kí lèmi ń bá jà, èmi tí mò ń lọ. Ó kéré tán kí ọ̀kan nínú wa rí nǹkan gbà. Bí ẹ bá ti dákẹ́, èmi náà á máa sọ ọ́ nínú mi pé, Màmá, ẹ fún un lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí mo sọ fún wọn lánàá nìyẹn. Wọ́n bi mí pé kí lẹ̀yin tọrọ, mo ní ẹnu yín ni kí wọ́n ti gbọ́ ọ."

Mo na ìka sí aṣọ orí itan rẹ̀. "Gbogbo èyí wá ńkọ́? Èyí tí ò ń kó wá bá mi?"

"Kí ló wà lọ́wọ́ tèmi, ẹ̀gbọ́n? Èmi alábúrẹ́dì. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ń sọ pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Mo ní tó bá wà níbẹ̀ lóòótọ́, kó kọ́kọ́ gba ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni." Ó wo ọwọ́ mi, ó wo ojú mi. "Ó ti lé ní igba aṣọ. Ẹ ò tíì mọ nǹkan kan lára síbẹ̀?"

Fáda Akọ̀wé ṣílẹ̀kùn, ó pè mí.

Ó ka ìwé náà sí mi létí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọ̀rọ̀ mi ni, kò fi kún un, kò yọ kúrò nínú rẹ̀. Nígbà tó kà á tán, Fáda Ìbéèrè ní, "Mà, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti tún un ṣe. Ṣé ó ní ohun tí ẹ fẹ́ yí padà?"

Mo rí i pé ó ń fẹ́ kí n yí i padà. Èmi náà ń fẹ́ ẹ. Ìlà kan ṣoṣo ni. Kí n ní lọ́jọ́ kẹsàn-án, mo rántí, mo dárúkọ àbúrò mi. Màmá tó kọ́ mi níṣẹ́ á gba ohun tó tọ́ sí i, àbúrò mi á sì máa jẹ́ orúkọ náà lọ, mo ti yọ̀ǹda rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ obìnrin tí wọ́n fẹ́ sọ di ẹni mímọ́ yìí ju àwọn méjèèjì lọ. Tí mo bá rán irọ́ mọ́ aṣọ rẹ̀, ìka kan ló máa fi kàn án.

Mo ní, "N kò ní yí nǹkan kan padà. Ṣùgbọ́n ẹ fi kún un."

"Kí ni ká fi kún un?"

"Ẹ kọ ọ́ pé mo ń jowú àbúrò mi."

Fáda Akọ̀wé wo ẹnìkejì rẹ̀. "Mà, ohun tí ẹlẹ́rìí bá rí, tó gbọ́, tàbí tó ṣe nìkan là ń kọ."

"Ṣebí èmi ni mo ṣe é? Ẹ kọ ọ́. Ẹ kọ ọ́ pé mo ti ń jowú rẹ̀ láti ìgbà tí aṣọ alápá kan ti wà lórí ìṣó."

Ọ̀rọ̀ ìṣó kò yé e, àmọ́ ó tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́. Ó na bírò sí mi. Mo gbé e sí ọwọ́ ọ̀tún, ó já bọ́. Mo tún gbé e, ó tún já bọ́. Nígbẹ̀yìn, ọwọ́ òsì ni mo fi kọ orúkọ mi lójú ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó wọ́ káàkiri bí iṣẹ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di abẹ́rẹ́ mú.

Mo ní, "Ọ̀rọ̀ Màmá ńkọ́ báyìí?"

Fáda Ìbéèrè ń to ìwé jọ. "Ó máa dúró, Mà. Ọdún méjìlá ló ti fi dúró. Bí ìwòsàn mìíràn bá wáyé, a ó tún bẹ̀rẹ̀."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún àbúrò mi nínú ọkọ̀. Mo sọ fún un pé mo ti bà á jẹ́, pé òun kì í ṣe ìyanu ẹnikẹ́ni mọ́, pé Màmá náà kò ní di ẹni mímọ́ nítorí mi. Ó wa ọkọ̀ náà já sí títì. Ó wá ní, "Wọ́n á dá ìjókòó yín padà fún yín nìyẹn. Ẹ̀yìn ló tiẹ̀ wù mí."

Mo fi ọwọ́ òsì yọ káàdì nínú báàgì mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka àdúrà náà sókè, ariwo ọkọ̀ ń bá mi du ohùn. Mo dé àlàfo. Mo dárúkọ àbúrò mi. Ara rẹ̀ ti yá, n kò sì mọ ohun tí mo tún lè tọrọ fún un, mo kàn fi orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, mo dúró.

Mo wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú. Títì ló kọjú sí, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí ìdarí ọkọ̀, ètè rẹ̀ sì ń mì. Kò pariwo, ṣùgbọ́n èmi náà kò ṣàìsàn etí. Ọwọ́ mi ló ń tọrọ. Inú tún bí mi díẹ̀ pé kódà níbẹ̀ náà, ó ti ṣíwájú mi.